Ọkùnrin Inú Kàlẹ́ńdà

Ìjàyè,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti túká.

Wọlé ọmọ mi, Àkànní ọkọ Morẹ́nikẹ́,

Má wulẹ̀ béèrè bóyá àlàáfíà la wà. Àlàáfíà la wà títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí lọ́rí tó ń bọ̀ láti Mọ́níyà dúró níwájú ilé wa, tí ìyàwó rẹ sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpótí. Kì í ṣe báàgì pẹlẹbẹ tí ènìyàn fi ń wá kí àna rẹ̀ o. Àpótí onírin ńlá ni, èyí tí wọ́n fi kó ẹrù rẹ̀ wọlé ọkọ lọ́dún tó kọjá. Ìyá rẹ ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ lábẹ́ igi ọsàn. Ó rí àpótí yẹn, ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀, ó kígbe pè mí pé, "Tíṣà, ẹ jáde wá o! Ọmọ yín ti ṣe nǹkan!"

Ṣé o gbọ́ bó ṣe wí? Ọmọ yín. Nígbà tí o ṣe ipò kìíní ní ilé ìwé, ọmọ rẹ̀ ni ọ́. Nígbà tí o rí iṣẹ́ tuntun yìí, ọmọ rẹ̀ ni ọ́, gbogbo ìjọ ló gbọ́. Ṣùgbọ́n bí àpótí bá ti balẹ̀ báyìí, èmi nìkan ni mo bí ọ.

Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó kí wa dáadáa. Kò sunkún. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Ó mu omi, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó rẹ̀ mí ni. Mo sọ fún ọmọ yín pé ó rẹ̀ mí, ó ní kì í rẹ obìnrin inú rédíò."

Mo ní, "Obìnrin inú rédíò wo?"

Ó ní, "Èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni, sà."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yé mi. Ìpolówó tíì alágolo yẹn ni. Ta ni kò mọ̀ ọ́n níbí? Láti ìgbà tí àwọn onípolówó ọjà ní Ìbàdàn ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé kí o máa kọ ohun tí wọn ó máa sọ lórí rédíò, ìyá rẹ ti sọ gbogbo àdúgbò di olùgbọ́. Ọkùnrin kan á ti ibi iṣẹ́ dé, á ní, "Ìyàwó mi, mo dé o!" Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi! Oúnjẹ ti délẹ̀, tíì yín nìyí!" Ọkùnrin náà á mu tíì, á ní, "Áà! Obìnrin gidi!" Orin á tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó pàtẹ́wọ́, ó fò sókè. Lọ́jọ́ kejì kò pàtẹ́wọ́ mọ́, ó ń ro nǹkan. Lọ́jọ́ kẹta ó bi mí pé, "Tíṣà, ta ló se oúnjẹ yẹn? Ọkùnrin yẹn ò tíì pe 'mo dé' tán tí oúnjẹ fi délẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n rí iyán gún?" Mo ní rédíò ni, àyè ò sí níbẹ̀. Ó ní kò burú.

Ohun tí ìyàwó rẹ rò fún wa rèé. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí o wá sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì òun dé, ẹsẹ̀ òun wú, òun ti fi gbogbo ọjọ́ gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́, àwọn ọmọ náà sì ti ta òun nípàá dáadáa. Òun bá ọ lórí àga. O ti dé láti aago mẹ́rin, o ti wọ sílípáàsì, o ń ka ìwé ìròyìn. Ebi ń pa ọ́. Iṣu wà nílé, epo wà nílé, sítóòfù wà nílé. O gbójú sókè, o ní, "Mo dé o."

Àkànní! Ìwọ tí o ti jókòó fún wákàtí méjì!

Ó ní òun rò pé àwàdà ni, òun bú sẹ́rìn-ín. O ní kó má rẹ́rìn-ín mọ́, kó dá ọ lóhùn bó ṣe yẹ. Háà. Ọmọ tí mo bí, tí mo kọ́ ní ABD, ló ń kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní ohun tí obìnrin kan tí kò sí níbì kankan ń sọ.

Ó wọ ilé ìdáná náà ṣá, ó tẹ ẹ̀bà. O bu òkèlè kan, o dá a padà sínú àwo, o ní, "Gàrí wo nìyí? Gàrí ìyá mi kì í rí báyìí. Ọwọ́ obìnrin gidi ló ń yan tìyẹn." Morẹ́nikẹ́ ní gbólóhùn yẹn ni òun fi palẹ̀ ẹrù òun mọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ilé, kì í ṣe "mo dé o". Gbólóhùn yẹn ni.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, ìyá rẹ wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀. Ohun tó fà á tí mo fi wo ilẹ̀, màá dé ibẹ̀, ṣe sùúrù. Ìyàwó rẹ ti sọ fún wa pé bí Sátidé yìí bá kọjá tí nǹkan ò yàtọ̀, ilé bàbá òun ní Lálúpọn ni òun ń gbé àpótí náà lọ, òun ò sì ní gbé e padà mọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo gbà á gbọ́.

Nítorí náà mo ti jókòó sí kíláàsì mi, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọ, kó gùn, kó sì parí síbẹ̀. Màá to ìmọ̀ràn mi ní nọ́ńbà kí o lè mọ̀ pé tíṣà ṣì ni mí.

Èkíní. Má gba àwòrán gbọ́, àgàgà èyí tí ìwọ fúnra rẹ bá wà nínú rẹ̀.

O rántí kàlẹ́ńdà yẹn. O ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, o wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, ò ń lọ sí ilé ìwé níbẹ̀. O rí kàlẹ́ńdà, o fi ń yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n o ò mọ bí wọ́n ṣe yà á, o ò sì mọ ohun tó fi ojú wa rí.

Onífọ́tò kan ló wa mọ́tò wá láti Ìbàdàn. Àwọn tó ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ kan ló rán an, pé kó wá àgbẹ̀ tó sígbọnlẹ̀, kó yà á sí kàlẹ́ńdà, kí àwọn ènìyàn lè rí i pé oògùn náà ń fún ọkùnrin lókun. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló dé. Sọ fún mi, àgbẹ̀ wo ló máa wà nílé ní aago mẹ́wàá àárọ̀? Gbogbo àgbẹ̀ Ìjàyè ti lọ sóko. Èmi tíṣà tó wà ní ọlidé nìkan ló jókòó síwájú ilé, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo ń jẹ ẹ̀pà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ga, ẹ sì láyà. Ṣé àgbẹ̀ ni yín?"

Mo ní àgbẹ̀ ni mí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lásìkò yẹn, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì dá lórí irọ́ pípa.

Ó ní kí n bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó fi òróró pa mí láyà títí mo fi ń dán. Ó ní kí n gbé ọkọ́ dání, mo gbé e, ìyá rẹ sì rọra sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ yí i padà, ojú ọkọ́ ń wo ọ̀run." Iṣu tí wọ́n kó síwájú mi, iṣu oko ìyá rẹ ni, òun ló gbìn ín, òun ló wà á. Wọ́n ní kó tú gèlè iṣẹ́ tó wé, kó ró aṣọ tó dáa, kó gbé igbá omi, kó sì kúnlẹ̀ síwájú mi, kó máa wò mí lójú. Ó bi onífọ́tò náà pé, "Kí ni mò ń wò?"

Onífọ́tò ní, "Ọkọ yín ni, mà. Ẹ wò ó bí ẹni tí ẹnu ń yà."

Ìyá rẹ ní, "Ẹnu ń yà mí lóòótọ́."

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ mi gàdàgbà: ỌKÙNRIN GIDI. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ìyá rẹ níbi tó kúnlẹ̀ sí: OBÌNRIN GIDI. Bó o bá rò pé ìwọ lo kọ́kọ́ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́, a ti wà níbẹ̀ kí o tó dé.

Kò sí ibi tí kàlẹ́ńdà náà ò dé. Ó wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ó wà ní ibùdókọ̀ Mọ́níyà, ó wà ní yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin ò jẹ́ kí ìyá rẹ rí omi pọn ní odò. Wọ́n á ní, "Ìyá Wọlé, pẹ̀lú ọkùnrin tó lágbára báyìí, ṣé ẹ ń rójú sùn rárá?" Ìyá rẹ á ní, "Mò ń sùn dáadáa, ìhanrun rẹ̀ nìkan ló ń jí mi." Àwọn àgbà ọkùnrin ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kí mi, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ ilé ìwé, wọ́n á béèrè òjò, wọ́n á wẹ̀yìn wò, wọ́n á wá fi ohùn wẹ́lẹ́ sọ pé, "Tíṣà, oògùn inú kàlẹ́ńdà yẹn... ṣé ó ń ṣe é?" Mo ní ó ń ṣe é. N kò fi ẹnu kàn án rí láyé mi. Bùráímọ̀ onípákó tó wà níkọjá ojúde wa rán sí mi pé kí n wá bá òun gbé igi ìrókò kan, pé òun ti lé àwọn mẹ́ta tó ń gbé e tẹ́lẹ̀ lọ, níwọ̀n ìgbà tí mo wà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀, ìyá rẹ ń fi omi gbígbóná jó mi lẹ́yìn.

Ìyẹn náà kéré. Ohun tó burú ni pé èmi fúnra mi gba kàlẹ́ńdà náà gbọ́. Mo kọ́ ọ sí pálọ̀, mo ń wò ó láràárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ṣáájú ìgbà náà mo máa ń bá ìyá rẹ pọn omi, mo máa ń bá a jọ gàrí, n kì í kà á sí nǹkan kan. Lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, mo jáwọ́. Mo ní kí ni wọ́n máa wí tí wọ́n bá rí mi? Bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá fi ọwọ́ lé ìbàdí, màá máa retí kó gbé omi wá, kó sì kúnlẹ̀, kó wo ojú mi bíi tinú fọ́tò. Ìyá rẹ á ní, "Tíṣà, ẹ ti dúró síbẹ̀ pẹ́. Ṣé orúnkún ń dùn yín ni?"

Ṣé o rí i pé mo mọ "mo dé o" dáadáa? Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀, o kàn fi orin tì í lẹ́yìn ni.

Ìkejì. Ohun tí o bá sọ fún gbogbo ayé pé o jẹ́, ẹnì kan á gbà ọ́ gbọ́, á sì ní kí o wá ṣe é.

Bàbá ìyá rẹ, Bàbá Ìkéréku, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn, ni ẹni náà. O mọ̀ pé ọkọ ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀, kó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, kí wọ́n lọ kọ ebè iṣu fún bàbá ìyàwó lóko. Bàbá Ìkéréku ti yọ̀ǹda mi láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n ní ọwọ́ tíṣà kì í ṣe ọwọ́ ọkọ́, kí n máa bá àwọn kọ lẹ́tà ni. Gbogbo lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ nípa ààlà oko wọn, èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà bá wa lára mu.

Kàlẹ́ńdà dé Ìkéréku, abúlé wọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Bí ìránṣẹ́ náà ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà rèé: "Bàbá ní àwọn ti rí i. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ẹ lágbára tó báyìí, ẹ má bínú sí àwọn. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, kí ẹ wá kọ ebè. Wọ́n ní ẹ má yọ ọ̀rẹ́ kankan lẹ́nu, pé ẹ̀yin nìkan ti tó."

Mo lè jẹ́wọ́ nígbà náà. Ìyá rẹ bẹ̀ mí kí n jẹ́wọ́. Mo wo kàlẹ́ńdà lára ògiri, mo ní ebè lásán, kí ló wà níbẹ̀?

Wọlé, wọ́n ti fi kàlẹ́ńdà náà kọ́ igi ẹ̀gbẹ́ ahéré kí n tó dé. Ó tó ogún ènìyàn tó jókòó síbẹ̀ láti wò mí. Ebè kìíní jọ ebè. Èkejì fẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀. Ẹ̀kẹta wó. Ẹ̀kẹrin, mo fi ara tì í ni, n kò kọ ọ́. Bàbá Ìkéréku wá síbẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé ebè lò ń kọ ni, àbí o ń sin nǹkan?" Gbogbo oko bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé ọkọ́ sókè kí n fi hàn wọ́n, ojú mi ṣókùnkùn, ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo wà nílẹ̀, wọ́n ń da omi lé mi lórí.

Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ru oúnjẹ ọ̀wẹ̀ bọ̀ lókèèrè. Ó sọ igbá kalẹ̀. Ó so ìró rẹ̀ mọ́ ìdí gírígírí. Obìnrin tí kì í pè mí láìfi "ẹ" sí i, tí kò tíì pe orúkọ mi rí, ló nawọ́ sí mi tó ní, "Gbé ọkọ́ yẹn fún mi."

O mọ̀ pé àwọn obìnrin wa kì í kọ ebè. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mẹ́rin ni Bàbá Ìkéréku bí, wọn ò bí ọkùnrin, wọ́n sì kọ́ ìyá rẹ níṣẹ́ oko láti kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kò gbórí sókè títí oòrùn fi rọlẹ̀. Gbogbo ọ̀wẹ̀ tí ó yẹ kí n ṣe ló ṣe. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Nígbà tó parí, bàbá rẹ̀ yọ kàlẹ́ńdà kúrò lára igi, wọ́n ká a, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Gbé e lọ. Wọ́n ṣì ènìyàn yà."

Èyí tó wà ní pálọ̀ wa, ìyá rẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn náà. Ìṣó rẹ̀ ló ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, apá ọ̀tún ìyá rẹ wú láti ejìká. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọ lọ́rùn. Ó sàn, ṣùgbọ́n kò sàn tán. Títí di òní kò lè gbé apá náà ga kọjá etí rẹ̀. A sọ fún ọ pé ó ṣubú ni. Kò ṣubú, ọmọ mi. Irọ́ tèmi ló ṣe é léṣe. Mi ò tíì lè rántí rẹ̀ kí ó má dùn mí, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìkẹta. Iṣẹ́ rẹ dáa. Mi ò ní kí o fi í sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta tíì gbọ́dọ̀ yin tíì. Ṣùgbọ́n wo àwọn tí ò ń kó sínú rẹ̀. Èmi ń ka ìwé ìròyìn láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn, o mọ̀ mí. Obìnrin inú rẹ̀, bí kò bá mú ọṣẹ dání, á fara ti mọ́tò onímọ́tò. Kò sí èyí tó ń bó ẹ̀gẹ́, kò sí èyí tí inú ń bí. Ọkùnrin inú rẹ̀ kì í húkọ́, kì í sọnù lọ́nà, kì í mọ ibi tí iyọ̀ wà nílé. Mo ti ń wá ọkùnrin kan tó ń wẹ ọmọ nínú fọ́tò ìwé ìròyìn láti ọdún pípẹ́. Bí o bá rí i, gé e ránṣẹ́ sí mi.

O lè ní ta ló ń fiyè sí i? Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ ohun tí wọ́n fẹ́ dà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Ṣadé ọmọ Bùráímọ̀, ó mọ ìṣirò ju gbogbo wọn lọ, ó máa ń bá mi yẹ iṣẹ́ mi wò, ó sì máa ń rí àṣìṣe. Ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ jẹ́ obìnrin inú rédíò tó ń gbé tíì wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyẹn, Àkànní. Jẹ́ kí obìnrin yẹn ti ibi iṣẹ́ dé lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Jẹ́ kó jókòó. Tíì náà á ṣì dùn.

Mi ò mọ nọ́ńbà tí mo kà dé mọ́. Ìyá rẹ ti wá sí kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ gígùn sá fún gàrí. Ó dáa. Ká dé ibi gàrí.

Lẹ́yìn tí apá ìyá rẹ ti bàjẹ́, ta ni yóò máa yan gàrí? O mọ bí agbada gàrí ṣe ń gba apá, wọn kì í sinmi lẹ́nu rírò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á jóná. A gba obìnrin kan pé kó máa bá wa yan án, ó ń jóná, ó ń dà bí ẹ̀kúrọ́. Lọ́jọ́ kan mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, mo ti fèrèsé, mo mú àkúfọ́ igbá. Àkọ́kọ́ tí mo yan, ewúrẹ́ ò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ nǹkan. Kí ọdún tó yí po, ọwọ́ mi ti mọ ọ́n.

Ọdún mọ́kànlá rèé. Ilẹ̀kùn títì ni, fèrèsé títì ni, nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọkùnrin inú kàlẹ́ńdà nídìí agbada. Bí ojú mi bá pọ́n, màá sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé ìwé kíkà ni. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, màá sá gba ẹ̀yìn jáde, ìyá rẹ á sáré jókòó síbẹ̀, á fi ọwọ́ òsì mú igbá, á wọ́n omi síwájú orí bí ẹni tó ń làágùn. Bí o bá ń bọ̀ wá lo ọlidé, a ó ti yan án sílẹ̀ kí o tó dé.

Gàrí tí ò ń gbé lọ sí Ìbàdàn lóṣooṣù, tí ò ń bù fún àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, tí o ní kò sí irú rẹ̀, èmi ni mo yan án. Ọwọ́ obìnrin gidi tí o fi bú ìyàwó rẹ, ọwọ́ mi ni.

Ó ti mọ̀. Lánàá, lẹ́yìn ilé ìwé, ó rí èéfín lẹ́yìnkùlé, ó ní kí òun lọ ran ìyá ọkọ òun lọ́wọ́. Mo gbàgbé láti fi ìkọ́ kọ́ ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó bá mi níbẹ̀, mo ró ìró ìyá rẹ, mo ń làágùn, mo ń kọ orin ìsìn. Ó ní, "Bàbá?"

Mo ní, "Mo kàn ń wò ó ni."

Ó wo igbá tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wo gàrí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ìyá rẹ náà dé, ó rẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé Morẹ́nikẹ́ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹkún tí kò sun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń sun. Ó ní, "Bàbá, gàrí yìí náà ló fi bú mi." Ojú tì mí, Wọlé, ojú tì mí gan-an. Ká ní mo ti ṣí fèrèsé yẹn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ò bá ti rí mi, gbólóhùn yẹn ì bá má sì sí lẹ́nu rẹ.

Kò fẹ́ kí àwọn àgbà wá bẹ òun. Kò fẹ́ aṣọ, kò fẹ́ bàtà. Ohun tó ní kí o ṣe nìyí: kí o wá, kí o jókòó sídìí agbada, kí o yan gàrí, kí ẹni tó bá fẹ́ rí i rí i, kí o sì jẹ èyí tí o bá yan. Lẹ́yìn náà òun á gbé àpótí òun, ẹ ó jọ padà sí Ìbàdàn.

Ẹ̀gẹ́ ti wà nínú àpò lábẹ́ òkúta, á ti gbẹ tó bá fi máa di Sátidé. Mo ti gbé agbada kúrò lẹ́yìnkùlé, mo ti gbé e síwájú ilé, ní ọ̀kánkán ibi tí Bùráímọ̀ ti ń la pákó. Ó ti bi mí kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo sọ fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó wẹ̀yìn wò, ó ní ṣé òun lè wá kọ́ ọ, pé ìyàwó òun náà ti ń dàgbà. Nítorí náà a ó pé mẹ́ta. Ìyàwó rẹ ní òun á gbé àga síbẹ̀, òun á jókòó, òun á máa wò wá bí ẹni tí ẹnu ń yà.

Wọ ṣòkòtò tí kò ní dùn ọ́ bí ó bá jóná.

Èmi ni bàbá rẹ tó bí ọ, tó sì ń yan gàrí fún ọ.

Mo ti fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí, kí n fi rán awakọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la, kí ìyá rẹ tó tún dé. Ó ní kí n fi èyí kún un: ìṣó kàlẹ́ńdà yẹn ṣì wà lára ògiri, kí o mú onífọ́tò dání.